Ìbọn Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lọ́dọ̀ Afetíjẹun

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí ìdúró, ẹ wá ibi fìdí lé, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n sì ń kọjá lọ. Èmi Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ìdí-Òro ni mo fẹ́ ya ẹnu. Mo ti pa ẹfọ̀n lójú ọ̀nà omi. Èmi àti ẹkùn ti wo ara wa lójú títí ẹkùn fi bojú wẹ̀yìn. Mo ti sùn lórí igi tí ejò ń gbé, ilẹ̀ mọ́, ejò náà kò mọ̀ pé òun gba àlejò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ejò náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti bá pàdé nínú igbó, kò sí èyí tó burú tó ohun tí mo gbé láti ilé lọ síbẹ̀. Ìlara ni. Mo jowú ọkùnrin kan débi pé oúnjẹ kò gba ọ̀fun mi lọ mọ́, mi ò sì tijú láti sọ ọ́ lónìí.

Ògúnsàkin lorúkọ ọkùnrin náà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Bí mo bá ké láti ẹnu ọ̀nà mi, á gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá mi la ti jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ, èmi ni mo sì mọ ìbọn yìn jù ú lọ, òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ọdún kan wá dé tí Ògúnsàkin lọ sí Igbó Ìyàlẹ́nu, ìrìn ọjọ́ mẹ́fà sí ìlú wa, ó sì gbé ìwo ẹtu kan bọ̀ tó ń tàn yanran bíi pé wọ́n tanná sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí òòrùn bá ti rọ̀ báyìí, gbogbo Ìdí-Òro á kọrí sí iwájú ilé Ògúnsàkin láti gbọ́ ìtàn igi tó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é, àti ìtàn odò tó ń ṣàn gòkè. Lọ́jọ́ kan mo ti igbó dé pẹ̀lú ìgalà lọ́rùn, mo ké pé, "Ẹ kú ilé o!" Adìyẹ nìkan ló dá mi lóhùn. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi obìnrin méjèèjì, Ọdẹ́bùnmi àti Àrínọlá, ti lọ síbẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ síbẹ̀! Mo dúró lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, ìgalà ń ṣẹ̀jẹ̀ sí mi léjìká.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kì í bi ọdẹ léèrè ibi tó ń lọ. Ìyàwó ọdẹ tó bá bèèrè ti ba ìrìn ọjọ́ náà jẹ́ nìyẹn. Èmi wá tún fi tèmi lé e. Nígbà tí mo gbé Àwẹ̀ró níyàwó, mo ní, "Bí o kò ṣe ní bi mí ní ohun tí mo bá lọ sígbó, èmi náà kò ní bi ọ́ ní ohun tí ẹ bá ṣe nílé." Lójú mi, ìwà àgbà ni mo hù yẹn. Bí mo bá ti igbó dé, màá jẹun, màá nu ìbọn, màá sùn. Bí ọmọ bá fẹ́ la ẹnu bá mi sọ nǹkan, ìyá rẹ̀ á ṣẹ́jú sí i, ọmọ á sì pa ẹnu dé. Ọdún mẹ́tàlá la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kó ẹ̀tù sápò tí mo sì gbé ìbọn bàbá mi kọ́ èjìká, Àwẹ̀ró kàn wò mí lójú, ó ní, "Ẹ ó bá wa láyọ̀ o, Bàbá Ọdẹ́bùnmi." Mo mi orí. Kò mọ̀ pé Igbó Ìyàlẹ́nu ni mo dojú kọ, àti pé ìtàn tí mo fẹ́ gbé bọ̀ níbẹ̀ á sọ ti Ògúnsàkin di ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Mi ò ní fi ìrìn ọjọ́ mẹ́fà dá yín lágara. Èyí tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni ti ọjọ́ kẹrin, nígbà tí mo bá òkìtì ọ̀gán mẹ́ta lójú ọ̀nà tí wọ́n ń jà lórí èwo ló dàgbà jù nínú wọn. Wọ́n ní mi ò ní kọjá bí mi ò bá dá ẹjọ́ náà. Mo wò wọ́n yíká, mo ní kúkúrú inú wọn ni àgbà, nítorí òjò ti jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀ jù lọ. Kúkúrú dúpẹ́, ó yẹ̀ fún mi. Àwọn gíga méjì fi ìbínú tú ikán lé mi lórí, wọ́n sì lé mi títí mo fi kọjá òkè kejì, bẹ́ẹ̀ eré lásán kọ́ ni mo ń sá o, ẹ̀rín ni mo ń rín lọ. Mo ń sọ lọ́kàn pé Ògúnsàkin kò sọ irú èyí rí, èmi ti jù ú lọ kí n tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, lọ́sàn-án gangan, mo dé ibodè igbó náà. Igi àràbà méjì ló dúró sí ọ̀tún àti òsì, orí wọn lọ́ mọ́ra lókè. Ẹ̀dá kan jókòó sáàárín wọn. Ó ga tó ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kéré débi pé hóró ìrẹsì kan lè há síbẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀ bí ewé kókò, ó ká wọn lé èjìká. Ikùn tó ní kò sí níbi tí tiwa wà. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ ni wọ́n ti yọ, ikùn méjì, wọ́n sì ṣófo.

"Níbo lo ń lọ?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu kékeré náà jáde.

Inú bí mi. "Wọn kì í bi ọdẹ bẹ́ẹ̀."

"Èmi kì í ṣe ìyàwó rẹ. Níbo lo ń lọ?"

"Igbó Ìyàlẹ́nu."

"Èmi Afetíjẹun ni mo ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ bọ́ mi. Mi ò jẹ iṣu, mi ò jẹ ẹran. Ìtàn ni mo ń jẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìtàn? Èmi? Mo gbé àpò kalẹ̀, mo sọ ti ẹfọ̀n fún un, mo sọ ti ẹkùn, mo sọ ti ejò, mo fò sókè, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń ké bí ẹranko. Nígbà tí mo parí, Afetíjẹun yán.

"Ìyẹn ti kan," ló wí. "Gbogbo ọdẹ ló ń gbé e wá. Ìtàn ibi tí òrùlé ilé rẹ ti hàn ni mo ń jẹ, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ tàbí aládùúgbò rẹ, tí ẹ fi bẹ̀rù tàbí tí ẹ fi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan ló ń yó mi. Ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ọ kó má baà dà bíi pé mo rẹ́ ọ jẹ: èyí tí mo bá jẹ kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún mi. Á kúrò lọ́kàn rẹ bíi pé ojú rẹ kò rí i rí."

Kí ló wà nínú ìyẹn? Mo ní kó gbà á, kí n ráyè wọlé. Mo wá inú mi lọ, mo wá inú mi bọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí ẹyọ kan. Mo rántí oorun. Mo rántí ọbẹ̀. Mo rántí epo tí mo fi ń nu ìbọn.

Afetíjẹun ní, "Jẹ́ kí n ràn ọ́ lọ́wọ́. Kí ló wà lẹ́nu ọmọ rẹ kékeré lọ́dún tó kọjá tí kò sí níbẹ̀ mọ́?"

Mo ronú. "Ẹkún," ni mo wí.

"Eyín ni. Eyín iwájú méjì. Kí ló ń kọ́kọ́ jí nílé rẹ, tí kì í ṣe ènìyàn?"

"Àkùkọ ni!" Èyí dá mi lójú.

"Wọ́n ti pa àkùkọ yín láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, o sì jẹ itan rẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ni. Òun ló ń fi orí kan ìlẹ̀kùn. Kí ni ìyàwó rẹ ń ṣe bí ẹ̀rín bá pa á kọjá agbára rẹ̀?"

Mi ò mọ ohun tí Àwẹ̀ró ń ṣe bí ẹ̀rín bá pa á. Mo bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ gbogbo èyí?"

"Ọdẹ kan ló gbé e wá, Ògúnsàkin lorúkọ rẹ̀. Ìtàn tó gbé wá ló dùn jù tí mo jẹ lọ́dún yìí." Afetíjẹun tẹ́ etí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń tọ́ ìtàn náà wò bó ṣe ń sọ ọ́. "Òkété ń jẹ ẹ̀gẹ́ ìyàwó rẹ lẹ́yìn ilé. Ìyàwó rẹ ní òun á mú un. Ó dáná èéfín sí ẹnu ihò, Ọdẹ́bùnmi ń fẹ́ iná, Àrínọlá la àpò sílẹ̀ lẹ́nu ihò kejì, ìyá rẹ jókòó lórí àpótí, ó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ògúnsàkin ń kọjá lọ ni wọ́n ké sí i pé kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé ihò kẹta wà, abẹ́ àpótí màmá gan-an ló sì wà. Òkété bá ibẹ̀ yọ, ó kó sábẹ́ ìró màmá. Màmá fò dìde, ó jó ijó tí kò jó láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀! Ògúnsàkin bẹ́ mọ́ òkété, adìyẹ tó ń sàba ló bẹ́ mọ́, ẹyin mọ́kànlá fọ́ sí i láyà, òun àti adìyẹ jọ ń ké. Ìyàwó rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀. Ohun tó ń ṣe nìyẹn bí ẹ̀rín bá pa á."

Mo ti jowú rí, mo ti sọ fún yín. Mo jowú ìwo ẹtu, mo jowú èrò iwájú ilé. Ọmọ kékeré ni gbogbo ìyẹn jẹ́ sí èyí. Ìyàwó mi ló jókòó sílẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, Ògúnsàkin ló rí i! Àwọn ọmọ mi, ìyá mi, ẹ̀yìn ilé mi, Ògúnsàkin ló gbé gbogbo rẹ̀ wá bọ́ àjèjì ní ìrìn ọjọ́ mẹ́fà! Mo bèèrè pé, "Igbó wo ni èmi wà lọ́jọ́ náà?"

"Igbó kọ́. Inú yàrá lo wà, o ń sùn. Wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín wọn má baà jí ọ."

Mo fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí, mo ní ọgbọ́n. Mo ní, "Wò ó, mo rántí ọ̀kan wàyí." Mo wá hun irọ́ kan, pé òkété mìíràn wá, èmi fúnra mi ni mo wọ inú ihò lọ bá a, gbogbo ilé sì gbé mi lé èjìká. Kò tíì ju gbólóhùn mẹ́ta lọ tí Afetíjẹun fi ká etí rẹ̀, tó sì tutọ́. "Ó korò," ló wí. Nígbà náà ni mo sáré. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ wọ inú igbó, mo sá dáadáa, nígbà tí mo gbójú sókè, iwájú rẹ̀ ni mo tún wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀nà yí mi padà. Mo fi ìbínú yìnbọn lù ú. Ọta rìn díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Afetíjẹun wá fẹ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ mi, mo rì dé àyà, ẹrẹ̀ ń gòkè bọ̀ ní ọrùn mi. Ẹ gbọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹkùn kò rí mi kí n máa bẹ̀bẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà mo pe Afetíjẹun ní bàbá, mo sì pè é ní ìyá.

Ó ní, "Fi ìbọn yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Lọ sílé, lọ wá ìtàn tòótọ́ kan wá kí oṣù kan tó pé. Bí o bá mú un dé, gba ìbọn rẹ kí o sì wọlé. Bí o kò bá mú un dé, ìbọn ti di tèmi." Ìbọn bàbá mi! Òun ló fi bọ́ wa. Òun ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Mo nà án sí i, ilẹ̀ sì pọ̀ mí jáde.

Mo dé ilé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n rí i pé ìbọn kò sí léjìká mi, kò sì sẹ́ni tó bèèrè, nítorí mo ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má bèèrè. Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ síwájú mi. Mi ò jẹun. Mo ní, "Àwẹ̀ró, báwo ni ti òkété yẹn ṣe jẹ́ gan-an?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìgò omi. "Ta ló sọ fún yín?"

"Àjèjì ni. Ìrìn ọjọ́ mẹ́fà ni mo rìn kí n tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yàrá mi. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó gbé omi náà kalẹ̀. "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní bèèrè. Èmi rò pé ẹ ò fẹ́ mọ̀ ni." Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jowú wọn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé ilé kan wà nínú ilé mi tí mi ò wọ̀ rí.

Ìyà ń jẹ mí, mo sì fẹ́ ìbọn mi. Nítorí náà mo pàṣẹ. Mo ní lọ́la, gbogbo wa ń lọ gun òkè ẹ̀yìn ìlú, kí nǹkan lè ṣẹlẹ̀ sí wa. Mo tò wọ́n sọ́nà kan bí ẹni tó ń kó ọmọ ọdẹ lọ, mo ní kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. A gun òkè, a dúró lórí rẹ̀, mo ń wo ojú wọn bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àrínọlá bi ìyá rẹ̀ léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá mi, kí la ṣe tí Bàbá fi ń fìyà jẹ wá?" A sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ méje ti lọ nínú oṣù mi.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, mo rí wọn tí wọ́n gbé igbá àti agbọ̀n, tí ìyá mi gbé àpótí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Odò Àjíbọ̀ tó wà nísàlẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ wa ti fà, ó ku adágún kéékèèké, wọ́n sì ń lọ gbọ́n ọn láti mú ẹja. Àwẹ̀ró dúró díẹ̀, ó ní, "A nílò ẹni tó lápá. Ṣé ẹ ó bá wa dé ibẹ̀?" Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mi ò tilẹ̀ rántí ìbọn. Láti odò náà, mo ń rí òrùlé ilé wa àti ewúrẹ́ ìyá mi lórí òkìtì ààtàn.

Wọ́n fi ẹrẹ̀ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí ojú omi lókè, èmi àti Àwẹ̀ró ń gbọ́n ìsàlẹ̀ dànù, ìyá mi ń bú wa pé à ń gbọ́n bí ẹni tó ń bu omi wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí omi gbẹ dé kókósẹ̀, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í tàkìtì nínú ẹrẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó sanra, tó kàn dùbúlẹ̀ tí kò sá.

Ọdẹ́bùnmi pariwo, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Òjíjí ni!"

"Ọmọ, èmi tí mo wo ẹkùn lójú!" Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí òjíjí bá ti gbọ̀n rí lẹ mọ̀. Ẹ̀yin tí kò tíì gbọ̀n, ẹ kú oríire. Apá mi kú dé èjìká, eyín mi ń lu ara wọn, mo fò sókè, mo sì fi ìdí gún ẹrẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọlá mi. Kí n tó mọ ibi tí mo wà, ìyá mi ti ń ké pé, "Ọmọ mi tó pa ẹfọ̀n!" Àwẹ̀ró sì ti jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lù ú. Mo rí i. Ojú mi ló rí i o, kì í ṣe pé wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ẹ̀rín náà la ń rín lọ́wọ́ tí ẹrẹ̀ òkè fi já. Omi ya lù wá, ó gbé agbọ̀n ẹja, ó sì gbé Àrínọlá tẹ̀lé e. Ẹ̀rín dá. Mo sáré lẹ́bàá odò, mò ń ṣubú, mò ń dìde, mò ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Ẹ̀rù ẹkùn kò tó ẹ̀rù yẹn rárá. Nígbà tí mo yí kọ́nà, ó dúró sínú omi tó mọ ní ìbàdí, ó rọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi lọ́wọ́ kan, ó di agbọ̀n mú lọ́wọ́ kejì, ó sì ń fi àlàfo eyín méjì rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. "Bàbá mi, mi ò jẹ́ kí ẹja lọ."

Mo gbé e mọ́ra. Ìtàn tí mo wá nìyẹn. Ó tó bọ́ Afetíjẹun fún ọdún kan.

Mo padà sí ibodè náà kí oṣù tó pé. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ibi tí mò ń lọ fún Àwẹ̀ró, ó sì sin mí dé ẹ̀yìn ìlú. Ìbọn mi wà níbẹ̀, ó fara ti igi àràbà, kò dípẹtà. Afetíjẹun gbọ́ òórùn ìtàn náà lára mi láti òkèèrè, ó ti tẹ́ etí sílẹ̀ kí n tó dé. "Sọ ọ́," ló wí. "Ebi ń pa mí."

Mo la ẹnu. "Lọ́jọ́ kan tí a lọ gbọ́n Odò Àjíbọ̀..." Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo rí i pé bí mo bá parí rẹ̀, màá gba ìbọn, màá wọ igbó, màá gbé ìwo tó ń tàn bọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n á sì jókòó nílé, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ rántí òjíjí?" Èmi á máa wo ẹnu wọn bí àlejò. Ìlara tún gbé mi, ó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ohun tó jẹ́ tèmi ni mò ń jowú lé lórí. Ta ni Afetíjẹun tí yóò jẹ ẹ̀rín ìyàwó mi?

"Mi ò sọ mọ́," ni mo wí.

"Ìbọn bàbá rẹ ńkọ́?"

Mo wo ìbọn náà. Mo sún mọ́ ọn, mo fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ níbi tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi ti jẹ ẹ́ wọnú. "Máa mú un," ni mo wí, mo sì kẹ́yìn sí i.

Afetíjẹun pè mí lẹ́yìn. "Ọdẹ tó ti kọjá níbí kò níye. Ìwọ nìkan ló fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ebi. Ọ̀rẹ́ rẹ Ògúnsàkin ti wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀ ló fún mi kẹ́yìn." Mo sunkún nítorí ìbọn náà fún ọjọ́ méjì gbáko lójú ọ̀nà.

Kò ku ibùsọ̀ kan kí n dé ilé tí mo fi pàdé Ògúnsàkin, ìbọn léjìká, àpò lápá. Mo dí ọ̀nà fún un. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, má lọ mọ́. Ohun tí ò ń gbé fún ẹ̀dá yẹn kì í padà. Ṣé o rántí òkété ẹ̀yìn ilé mi?"

"Òkété wo?"

"O dì mọ́ adìyẹ. Ẹyin fọ́ sí ọ láyà."

Ó wò mí tàánútàánú. "Ọdẹ́jìnmí, gbogbo Ìdí-Òro ló mọ̀ pé ò ń jowú mi. Ìwọ lọ, ọwọ́ òfo lo bá bọ̀, o ò tilẹ̀ ní ìbọn mọ́. Ó wá ń dùn ọ́ kí èmi lọ." Mo búra. Mo dì í lápá mú. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni mo ti jowú rẹ̀, ojú gbogbo ìlú ni mo ti ṣe é. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí kò sí ìlara nínú ọ̀rọ̀ mi, kò sí ìyàtọ̀ létí rẹ̀. Ó já apá rẹ̀ gbà, ó sì lọ.

Ó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú awọ ẹranko kan tó ń yí àwọ̀ padà bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn pé lé e lórí fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì túká, nítorí ìtàn tirẹ̀ ti tán lọ́dọ̀ Afetíjẹun, kò ní ohun mìíràn láti bá wọn sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó wá jókòó níwájú ilé mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kó tó dé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Ìtàn òkété ni wọ́n bẹ̀ mí pé kí n sọ, èyí tí mo ti bi àwọn ará ilé mi léèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá títí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́. Ìyá mi dìde, ó jó apá tirẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín tó Ògúnsàkin níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ń lu orúnkún rẹ̀.

Nígbà tó ráyè mí, ó nu ojú, ó bi mí pé, "Ọdẹ́jìnmí, ta ni ọkùnrin tó dì mọ́ adìyẹ yẹn?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àkọ́bí rẹ̀ dìde láàárín àwọn tó kù, ó lọ jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin ni, Bàbá," ló wí.

Ògúnsàkin wo ọmọ náà, ó sì wò mí. Mo gbé ìjókòó mi sún mọ́ tirẹ̀, mo sì tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.